Bí Ọmọ Ṣe Ń Di Atamátàsé: Ara, Ẹsẹ̀ àti Iye Ọjọ́ Orí

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ pè mí pé èmi ni n ó sọ̀rọ̀ lọ́dún yìí, ohun tó rò ni pé owó ìfẹ̀yìntì ni n ó tún sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí òun ni mo sọ nígbà tí mo sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, tí àwọn kan sì sùn. Mo ní rárá, bọ́ọ̀lù ni. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ṣòro kí ẹ wọ ilé kan láàárín àwa Yorùbá tó wà ní Kàdúná níbí kí ẹ má bá bàtà bọ́ọ̀lù lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ti di ọ̀rọ̀ tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín bàbá àti ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ní 1998, mo gba bàtà bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ àkọ́bí mi ọkùnrin, mo tì í mọ́ inú àpótí. Ọmọ ọdún 14 ni nígbà náà. Mo ní ìwé ni kó kà. Ó kàwé, ó ṣe dáadáa, kò sì fi ìgbà kan bá mi sọ ọ́ títí dòní. Ṣùgbọ́n nígbà tí òun náà bí ọkùnrin, tí ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tó rà wálé fún un ni bọ́ọ̀lù. Mo gbọ́ ohun tó ń bá mi sọ.

Ọmọ ọmọ mi yẹn ti pé ọdún 15. Iwájú ló máa ń gbá, òun ni wọ́n ń pè ní atamátàsé. Ó wà ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan nínú ìlú yìí, n kò ní dárúkọ wọn. Nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ jókòó létí pápá ní ìrọ̀lẹ́, tí mo ń bi àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ní ìbéèrè bí ẹni tó ń yẹ fáìlì wò.

Atamátàsé kò ṣàjèjì sí ìlú yìí. Níbí ni wọ́n bí Rashidi Yekini sí ní 1963, ọmọ Ìrà ní Kwara. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé iṣẹ́ aṣọ UNTL ló ti gbá bọ́ọ̀lù kó tó lọ sí Shooting Stars ní Ìbàdàn. Láti ibẹ̀ ó lọ sí Abiola Babes ní Abẹ́òkúta, ó lọ sí Africa Sports ní Abidjan, kó tó dé Vitória Setúbal ní Pọ́túgà ní 1990. Ẹ ka àwọn ibùdókọ̀ yẹn. Nígbà tí wọ́n fi í ṣe agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní Áfíríkà ní 1993, tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba oyè náà, ó ti pé ọgbọ̀n ọdún. Sáà yẹn náà, 1993 sí 1994, ló gbá góòlù 21 wọlé nínú líìgì Pọ́túgà. Gbogbo wa rántí ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà 1994 ní Dallas, bó ṣe di àwọ̀n Bulgaria mú tó ń ké. Ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tó fi wà nídìí rẹ̀ kí ọjọ́ yẹn tó dé, ta ló ń rántí ìyẹn?

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìsinsìnyí, ẹ bá wọn sọ ti Yekini, bí ìtàn ìjàpá ló rí létí wọn. Victor Osimhen ni wọ́n mọ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a bá wọn lọ sọ́dọ̀ Osimhen.

Ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá 1998 ni wọ́n bí i ní Èkó. Ìpínlẹ̀ Ẹdó ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, àmọ́ Olúsosùn ló dàgbà sí, nítòsí ààtàn ńlá tí gbogbo Èkó ń da ilẹ̀ sí. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba pé òun ta omi inú ọ̀rá nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀, àti pé orí ààtàn yẹn ni òun àtàwọn ọ̀rẹ́ òun ti máa ń wá bàtà tí àwọn ènìyàn jù nù. Ní 2015, Emmanuel Amuneke kó wọn lọ sí Ṣílè fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ. Osimhen nìkan gbá góòlù 10 wọlé, èyí tí ẹnì kankan kò gbá rí nínú ìdíje yẹn títí di ìgbà náà. Nàìjíríà gba ife.

Ibi tí àwọn ọmọ wa máa ń dá ìtàn náà dúró sí nìyẹn: ààtàn, Ṣílè, owó. Ẹ má dá a dúró níbẹ̀.

Òfin FIFA kò jẹ́ kí wọ́n mú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 láti orílẹ̀-èdè kan lọ gbá bọ́ọ̀lù ní òmíràn, àyàfi nítorí àwọn ìdí díẹ̀ kan. Nítorí náà, oṣù Kìíní 2017, lẹ́yìn tó pé ọdún 18, ni Wolfsburg ní Jámánì gbà á. Ọdún kan ààbọ̀ ló lò níbẹ̀, kò gbá ẹyọ góòlù kan ṣoṣo wọlé nínú líìgì wọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ṣé ẹ gbọ́? Ẹni tó gbá 10 ní Ṣílè ò gbá ẹyọ kan ní Jámánì. Èjìká ṣe é, ìjókòó sórí bẹ́ńṣì pọ̀ ju ìgbá lọ. Ní 2018, ó lọ fi ara rẹ̀ han ẹgbẹ́ méjì ní Bẹ́ljíọ̀mù, ibà ń ṣe é lọ́wọ́, àwọn méjèèjì sì ní àwọn kò fẹ́ ẹ. Ẹgbẹ́ kẹta, Charleroi, ló yá a lò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi í sílẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ó sì gbá góòlù 20 wọlé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 36. Lille ní Faransé rà á ní 2019, góòlù 13 nínú líìgì kí àrùn kòrónà tó dá gbogbo rẹ̀ dúró. Napoli ní Ítálì rà á ní 2020. Ọdún àkọ́kọ́ níbẹ̀, góòlù 10 nínú líìgì. Ọdún kejì, 14. Ọdún kẹta, 26, ó sì di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbá góòlù jù lọ nínú líìgì Ítálì.

Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, èjìká rẹ̀ tún yẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 2020 nígbà tó ń gbá fún Nàìjíríà ní Bẹ̀nìn. Ní oṣù Kọkànlá 2021, eegun ojú rẹ̀ fọ́ nígbà tí òun àti ẹni tó ń ṣọ́ ọ forí gbárí. Ìbòjú tí àwọn ọmọ yín ń fi páálí gé, tí wọ́n ń dè mọ́jú kiri àdúgbò, ibẹ̀ ló ti wá. Kì í ṣe oge.

Kí ló yí padà láàárín òdo àti 26? N kì í ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá, ṣùgbọ́n mo ní ojú, mo sì ní àkókò, ohun kan ṣoṣo tí ìfẹ̀yìntì fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Eré sísá ni Osimhen ti ní láti kékeré. Ní Ṣílè, bí wọ́n bá ti ju bọ́ọ̀lù sẹ́yìn àwọn tó ń ṣọ́ ọ, ó tán. Ní Jámánì, ẹni tó ń ṣọ́ ọ náà lè sáré, ó sì wúwo jù ú lọ. Níbẹ̀, ẹsẹ̀ nìkan kò tó. Ó ní láti kọ́ bí a ṣe ń fi ẹ̀yìn gbé ẹni tó ń tì wá dúró títí bọ́ọ̀lù yóò fi dé. Ó ní láti kọ́ ìgbà tó yẹ kí ó fò, nítorí ẹni tó bá tètè fò á ti máa bọ̀ nílẹ̀ nígbà tí bọ́ọ̀lù bá ń kọjá lórí rẹ̀. Èyí tó sì le jù ni bí a ṣe ń gba bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó má sá lọ. Ẹ lọ wo góòlù tó gbá wọlé Roma ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní 2023. Bọ́ọ̀lù náà ti òkè wá láti apá òsì. Ó fi àyà gbà á, ó fi itan gbé e sókè díẹ̀, kó sì tó kan ilẹ̀ ó ti gbá a mọ́ inú àwọ̀n. Ìgbà mẹ́ta ni ara rẹ̀ kàn án. Mo ti wo ó tó ogún ìgbà, ìyàwó mi ló lè jẹ́rìí. Kò sí eré sísá kankan níbẹ̀. Ohun tí a kọ́ ni.

Ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún 2023 ni góòlù tirẹ̀ ní Udine fi ife líìgì lé Napoli lọ́wọ́, èyí tí wọn kò gbà láti 1990. Ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún náà, ní 2012, ni Yekini kú. N kò fi ìyẹn túmọ̀ nǹkan kan, mo kàn rí i ni.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Lọ́dún tó kọjá, orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dun ọmọ ọmọ mi. Kókó kan yọ sísàlẹ̀ orúnkún náà, níbi tí eegun ojúgun ti bẹ̀rẹ̀, bí ẹ bá fọwọ́ kàn án á ké. Àwọn tó ń kọ́ ọ ní ọ̀lẹ ni, pé kó máa fò. Wọ́n fi òróró pa á, ó ń fò, ó ń tiro. Ìyá rẹ̀ ló fi tipátipá mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, kì í ṣe èmi. Dókítà tẹ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ní àìsàn náà ní orúkọ: Osgood-Schlatter, orúkọ dókítà méjì tó ṣàlàyé rẹ̀ ní 1903. Ó ní láàárín ọdún 13 sí 14 ni ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin máa ń ga lójijì. Eegun á yára gùn, iṣan kò ní tètè bá a. Iṣan itan tó lágbára á wá máa fa ibi tí eegun ojúgun kò tíì gan dáadáa, pàápàá fún ọmọ tó ń fò tó ń sáré lójoojúmọ́. Kò ní kí ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ó ní kó dín fífò kù, kó máa fi yìnyín sí i, kó máa na iṣan itan rẹ̀ jẹ́jẹ́, pé bí gíga bá dúró, ìrora náà á lọ. Ọ̀rọ̀ náà sì rí bẹ́ẹ̀, ó ti rọlẹ̀ púpọ̀ báyìí.

Dókítà yẹn ló tún là mí lóye nǹkan mìíràn. Ọmọ ọdún 13 méjì lè wà, kí irùngbọ̀n ti máa hù lágbọ̀n ọ̀kan, kí èkejì ṣì dà bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èyí tó tètè ga ni wọ́n máa ń mú. Á fi ejìká tì wọ́n ṣubú, á gbá góòlù wọlé, gbogbo ènìyàn á pàtẹ́wọ́, kò sì ní sí ẹni tó máa kọ́ ọ bí a ṣe ń fi ẹsẹ̀ òsì gbá bọ́ọ̀lù. Nígbà tí gbogbo wọn bá fi máa pé 18, àwọn yòókù á ti ga bá a. Kí ló kù lọ́wọ́ rẹ̀?

Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibi tí ọ̀rọ̀ dùn mí jù la dé yìí. Lẹ́yìn tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í san, ọkùnrin kan láti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù náà wá sílé ọmọ mi. Ó mú fọ́ọ̀mù wá. 2010 ni a bí ọmọ wa. 2013 ló wà nínú fọ́ọ̀mù. Ó ní ìdíje kan ń bọ̀, àwọn aṣojú láti òkè òkun á wá wò wọ́n, kí òbí ṣáà fọwọ́ sí i. Mo wà níbẹ̀. Bíírò ti wà lọ́wọ́ ìyàwó ọmọ mi. Mo béèrè ìdí rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, gbogbo wọn ló ń ṣe é, sà."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọdún 35 ni mo fi ṣiṣẹ́ ìjọba, púpọ̀ nínú rẹ̀ láàárín fáìlì àwọn òṣìṣẹ́. Mo ti rí ìwé ìbúra ilé ẹjọ́ tó sọ ẹ̀gbọ́n di àbúrò. Mo rí ẹni tó jẹ́ pé, bí a bá tẹ̀ lé ìwé rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló wà nígbà tó gba ìwé ẹ̀rí mẹ́wàá. Mo mọ bí ọ̀rọ̀ "gbogbo wọn ló ń ṣe é" ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Ní ti bọ́ọ̀lù, àwọn FIFA kò wo ìwé nìkan mọ́. Láti 2009, nígbà tí ìdíje àwọn ọmọ ọdún 17 wáyé ní Nàìjíríà, tí àwa náà lọ wò ó ní pápá ìṣeré Ahmadu Bello níbí, ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ wo eegun ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ nínú ìdíje yẹn. Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ sọ pé ẹ̀rọ kò sí. Ọmọ ọdún 15 tó ń bá ọmọ ọdún 12 gbá bọ́ọ̀lù, kí ló ń kọ́? Ṣe ni wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di ọmọ onírùngbọ̀n tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ọdún mẹ́ta tó yẹ kó fi kọ́ bí a ṣe ń gba bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ láàárín àwọn tó lágbára tó o, wọ́n á fi ti àwọn ọmọdé ṣubú. Osimhen jókòó sórí bẹ́ńṣì ní Jámánì pẹ̀lú gbogbo ẹ̀bùn rẹ̀. Ta ló máa dá tiwa dúró?

Ọmọ náà wà níbẹ̀, ó ń wo ẹnu wa. Ó ní, "Bàbá àgbà, tí wọn ò bá fọwọ́ sí i, wọn ò ní mú mi lọ." Ọwọ́ mi ti fẹ́ gbé fọ́ọ̀mù náà kí n fà á ya. Mo rántí àpótí 1998, mo gbé ọwọ́ mi sílẹ̀. Mo ní kí a dúró de bàbá rẹ̀. Nígbà tó dé, ó ka fọ́ọ̀mù náà láti òkè dé ilẹ̀, ó ká a, ó dá a padà fún ọkùnrin náà, ó sì kí i pé ó dàbọ̀. Wọn kò mú ọmọ náà lọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò fi bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀, kò sì kí èmi náà dáadáa. Ní ọjọ́ kẹwàá, bàbá rẹ̀ wá sílé mi, ó ní, "Bàbá, bàtà yẹn, ṣé ó ṣì wà?" Ó wà. Rọ́bà rẹ̀ ti gbó, ó fọ́ wẹ́wẹ́ sí wa lọ́wọ́. A jọ rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tí a sọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Ọmọ náà ti kúrò ní ẹgbẹ́ yẹn. Olùkọ́ eré ìdárayá kan tó ti fẹ̀yìntì ló ń kọ́ òun àtàwọn mẹ́fà mìíràn ní ìrọ̀lẹ́. Ògiri ni wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ jù, ẹsẹ̀ òsì, ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì. Kò wù wọ́n, ó máa ń sú wọn. N kò lè sọ fún yín pé yóò di Osimhen. Ó wà ní SS1, ó ń ka ìwé rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kò pọ̀. A ní dókítà àti nọ́ọ̀sì láàárín wa. Kí wọ́n fún wa ní ọjọ́ Sátidé kan láàárín oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí wọ́n máa wo orúnkún àti ẹsẹ̀ àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù, kí wọ́n sì máa wọn bí wọ́n ṣe ń ga. Olùkọ́ tí mo sọ náà ní àyè fún ọmọ mẹ́wàá sí i. Bọ́ọ̀lù ni kò tó. Mo ti fún akápò ní owó bọ́ọ̀lù méjì. Ẹni tó bá fẹ́ forúkọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, ìwé wà lọ́wọ́ akọ̀wé lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ sì jọ̀wọ́ kọ ọdún tí ẹ bí i gan-an.

Bí ìbéèrè bá wà, mo ti ṣe tán.