Aago Tí Ń Purọ́ Nínú Ọkọ̀ Àtijọ́

Ẹlẹ́rìí mélòó kan ni ó máa ń wà níwájú awakọ̀. Ọ̀kan ń sọ bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó. Ọ̀kan ń sọ epo tí ó kù. Ọ̀kan ń sọ bí omi ẹ́ńjìnnì ti gbóná tó. Ẹ̀kẹrin wà tí kì í sí nínú gbogbo ọkọ̀: òun ni aago tí ń sọ iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì yí láàárín ìṣẹ́jú kan. Aago RPM ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é. Aago ìyípo ni a ó máa pè é lónìí. Ó wà nínú àwọn ọkọ̀ kékeré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bíi MGB, tí wọ́n ṣe láti 1962 títí di 1980.

Ẹni tí ó bá rìn láti Agbowó dé Bódìjà, tí ó gba Dùgbẹ̀ kọjá sí Ring Road àti Challenge, kò ní ṣàì rí ọkọ̀ àtijọ́ kan tàbí méjì tí ẹni tí ó ni ín kò fẹ́ kí ó kú. Ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná àti ti Volkswagen ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ó ṣáájú ìgbà náà, òkè òkun ni ó ti wá. Ẹ̀yà ara irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti di àwátì, àní ní Gáàtì tí í ṣe ojúbọ àwọn tí ń ta ẹ̀yà ọkọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá bàjẹ́ nítorí irọ́ tí aago pa, owó nìkan kọ́ ni yóò tún un ṣe.

Báwo ni irọ́ aago ṣe ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́? Ká ní ìyípo 900 ni ó yẹ kí ẹ́ńjìnnì máa yí nígbà tí ẹsẹ̀ kò sí lórí túrótù, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní síló. Bí aago bá ń fi 600 hàn, mẹkáníìkì yóò gbé síló sókè títí aago yóò fi ka 900. Lójú rẹ̀, ó ti tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ 1350 ni ẹ́ńjìnnì ń yí ní tòótọ́. Epo yóò máa ṣòfò. Lójú ọ̀nà, ewu náà tún ju bẹ́ẹ̀ lọ: nígbà tí abẹ́rẹ́ bá wà lórí 4000 tí ọkàn awakọ̀ balẹ̀, ẹ́ńjìnnì ti dé 6000, èyí tí í ṣe ẹnu ààlà fún ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì àtijọ́.

Kí a tó wádìí irọ́, ó yẹ kí a mọ ibi tí aago ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, wáyà tí ń yí nínú rọ́bà ni ó so aago mọ́ ẹ́ńjìnnì. Nínú ọ̀pọ̀ tí ó tẹ̀lé wọn, iná tí ń lọ sí kóìlì ni aago ń kà. Púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan a máa ta iná lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá yí lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, ẹ́ńjìnnì oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́rin a máa ta iná lẹ́ẹ̀mejì nínú ìyípo kan, oní-mẹ́fà a máa ta á lẹ́ẹ̀mẹta, oní-mẹ́jọ lẹ́ẹ̀mẹrin. Bí a bá mú aago ẹ́ńjìnnì oní-mẹ́fà sínú ọkọ̀ oní-mẹ́rin, ìdá méjì nínú mẹ́ta òtítọ́ ni yóò máa sọ. Aago náà kò bàjẹ́; ilé onílé ni ó wà.

Àgbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. A kò gbọdọ̀ dá aago lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ dá a láre, láìpe ẹlẹ́rìí kejì. Riwáyà tí ó ní irin-iṣẹ́ ìwọn ìyípo lè fi í wò ó. Ẹni tí kò bá rí i lè lo iná fùlọ́rọ̀sẹ́ǹtì gígùn ti àtijọ́. Iná ìjọba ní Nàìjíríà ń lọ ó sì ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Fùlọ́rọ̀sẹ́ǹtì a sì máa mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú àlọbọ̀ kọ̀ọ̀kan, èyí já sí ìgbà 100. Ojú wa ni kò tètè rí i. Kí a pa ẹ́ńjìnnì, kí a fi ọ̀dà funfun fa ìlà kan ṣoṣo sí ojú púlì iwájú ẹ́ńjìnnì. Ní alẹ́, lábẹ́ iná yìí nìkan, kí a ṣíná ọkọ̀, kí a sì máa gbé ìyípo sókè díẹ̀díẹ̀ láti síló. Ní 1000, ìlà kan náà yóò dà bí mẹ́fà tí ó dúró sójú kan. Ní 1200, yóò di márùn-ún. Ní 1500, mẹ́rin. Ní 2000, mẹ́ta. Ní 3000, méjì. Kí ẹnìkejì jókòó sínú ọkọ̀, kí ó máa kọ ohun tí aago ń wí sílẹ̀. Iná ìjọba lè yẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè fi irọ́ ńlá pamọ́. Iná LED àti iná jẹnẹrétọ̀ kò ṣeé gbára lé fún iṣẹ́ yìí.

Ìkìlọ̀ pàtàkì nìyí: iná tí ó mú kí ìlà dà bí èyí tí ó dúró lè mú kí fáànù náà dà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá na ọwọ́ sí i yóò fi ìka ṣòfò. Kí a má sì ṣe é nínú gáréèjì tí a tì pa, nítorí èéfín ọkọ̀ a máa pani.

Lẹ́yìn èyí, irú irọ́ tí aago ń pa ni yóò júwe àrùn rẹ̀. Bí ó bá wí 1000 ní 1500, tí ó tún wí 2000 ní 3000, ìdá kan náà ni ó ń dín ní gbogbo ìgbà: iye púlọ́ọ̀gì tí wọ́n ṣe é fún ni kí a yẹ̀ wò. Bí abẹ́rẹ́ bá yẹ̀ nígbà tí a tan iná iwájú, kí a wo wáyà ẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá ń fò sókè sódò, kí a wo kọ́ńtáàtì, kọ̀ńdẹ́ńsà àti gbogbo orí wáyà tí ó ti dẹ̀. Bí kò bá mira rárá, kí a wò ó bóyá iná ń dé ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ aago Smiths ti ọdún 1960 sí 1970 ń ka iná tí ń gba inú wáyà kóìlì kọjá. Bí wọ́n bá yọ kọ́ńtáàtì tí wọ́n fi ti ẹlẹ́kitirónííkì rọ́pò rẹ̀, aago náà lè yadi. Bákan náà, títí di 1967, orí pósítíìfù bátìrì ni wọ́n ń so mọ́ ara MGB. Ẹni tí ó bá yí i padà láìtún aago ṣe ti gbọ́dọ̀ mọ ìdí tí aago fi dákẹ́.

Ìgbà tí gbogbo èyí bá mọ́ ni a tó lè ṣí aago fúnra rẹ̀. Kí a kọ́kọ́ tú orí bátìrì. Ẹ̀yà kéékèèké inú rẹ̀ a máa gbó bí ènìyàn ti ń gbó. Ọ̀pọ̀ aago sì ní ibi kékeré kan tí a fi ń tún ìwọ̀n rẹ̀ ṣe. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ yí ibẹ̀ kí ó tó wo wáyà ẹ́ẹ̀tì ti kọ́ irọ́ kejì lé orí àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀kọ́ ìṣirò àti ti físíìsì wà nínú ìlà funfun kan yìí. Ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi 100 ṣe ìṣirò iye ìlà tí wọn yóò rí kí wọ́n tó ṣíná ọkọ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n tó wá wò ó. Ẹni tí ó bá ti kọ́ láti bi aago ní ìbéèrè báyìí kò ní gba ohun tí abẹ́rẹ́ bá tọ́ka sí gbọ́ láìwádìí, ìbáà jẹ́ nínú ọkọ̀, ìbáà jẹ́ lórí òṣùwọ̀n ọjà.