Fíìmù Adẹ́rùbani: Ti Ayé Àtijọ́, Ti Òde Òní, àti Oorun Àwọn Ọmọ Wa

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Gouka dé, tí ẹrù ṣì wà lórí, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ ná, ẹ jókòó, ẹ fetí sí mi díẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan mú ọmọkùnrin rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà wá bá mi. Ó ní òru mẹ́rin rèé tí ọmọ náà kò sùn. Bí wọ́n bá ti pa iná báyìí, á bú sẹ́kún, á di aṣọ ìyá rẹ̀ mú. Ó tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí ẹní, ohun tó ti fi sílẹ̀ láti ọdún méjì. Ìyá yìí sì ti ní ẹni tó ń fura sí nínú agbo ilé. N kò ní sọ ẹni náà, ẹ̀yin náà ẹ mọ irú ẹni tí a máa ń fura sí: ìyá arúgbó kan ṣáá ni. Mo yẹ ọmọ wò. Kò sí ibà, inú kò run ún, ìtọ̀ rẹ̀ dára. Mo wá bi ọmọ fúnra rẹ̀ pé, "Bàbá mi, kí lo rí?" Ó dákẹ́. Mo fún un ní bisikíìtì. Ó ní, "Ọmọlangidi ni." Ọmọlangidi wo? Ti inú tẹlifóònù bùrọ̀dá rẹ̀.

Bùrọ̀dá yìí ń lọ sí CEG. Ó ti gba fíìmù kan tí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ní 2014, Annabelle ni wọ́n ń pè é, ọmọlangidi kan ló wà nínú rẹ̀ tí ẹ̀mí burúkú rọ̀ mọ́. Lábẹ́ aṣọ ìbora ni àwọn méjèèjì ti wò ó. Ẹ̀gbọ́n ń rẹ́rìn-ín, àbúrò kò lè sọ̀rọ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí á sọ̀rọ̀ fíìmù lónìí. Ẹ má wí pé nọ́ọ̀sì yìí kórìíra fíìmù o. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí ẹ bá ní kí n yan fíìmù àjẹ́ tàbí ẹran ọdún, fíìmù ni màá yan. Ẹnì kan ló ní fídíò ní àdúgbò wa. Ó ta aṣọ sí ẹnu ọ̀nà, ó to bẹ́ǹṣì, à ń san 25 sẹ́fà kí á tó wọlé. Láti Nàìjíríà ni kásẹ́ẹ̀tì ti ń wá. Ibẹ̀ ni mo ti wo Ayé, èyí tí Hubert Ògúndé gbé jáde ní 1979. Àwọn àjẹ́ ń pàdé lóru, Ògúndé fúnra rẹ̀ ló ṣe babaláwo tó dìde sí wọn. Yorùbá ni wọ́n ń sọ, àwa ará Ìṣà sì gbọ́ ọ yékéyéké. Ní 1980 ó tún ṣe Jáyésinmi. Lẹ́yìn náà ni Agbára Ńlá ti Mike Bámilóyè dé pẹ̀lú Ìṣáwúrù rẹ̀. Ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún nínú yín, ẹ sọ òótọ́, ta ni kò sá fún Ìṣáwúrù? Living in Bondage ti 1992 ńkọ́? Ìgbò ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, àwa kò gbọ́ Ìgbò, ṣùgbọ́n Andy tó fi Merit ìyàwó rẹ̀ ṣe ògùn owó, tí òkú obìnrin náà wá ń yọ sí i, ìyẹn kò nílò ògbufọ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká fi wọ́n wé ti òde òní. Fíìmù àtijọ́ kì í yára. Wọ́n á lù, wọ́n á kọrin, wọ́n á pe ọfọ̀, o ti mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀ kó tó dé. Ti òde òní, á dákẹ́ rọ́rọ́, lẹ́yìn náà, gbàà! Ojú kan bẹ́ sí ọ lójú. Ohun tí wọ́n ṣe é fún nìyẹn, kí àyà rẹ lè já. Ti àtijọ́, ẹni burúkú máa ń jìyà kí fíìmù tó parí. Ọ̀pọ̀ nínú ti ìsinsìnyí, fíìmù á parí, ohun burúkú náà kò ní kú, nítorí wọ́n fẹ́ tà wá ní apá kejì. (Kí n má purọ́, Living in Bondage náà ní apá kejì, wọ́n sì tún ṣe òmíràn lé e ní 2019, ti Ramsey Nouah. Aṣọ olówó, mọ́tò olówó. Ọmọ mi fẹ́ràn rẹ̀. Èmi, ti àkọ́kọ́ ni mo mú.) Àgbà mọ̀ pé owó ni wọ́n ń wá. Ọmọ ọlọ́dún mẹ́fà, ohun tó mọ̀ ni pé ọmọlangidi yẹn kò tíì kú, ó sì wà ní ìta.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó tóbi jù, kì í ṣe inú fíìmù ló wà. Àwa, ogójì ènìyàn ló ń wò ó pọ̀. Ìyá kan á máa ṣépè fún àjẹ́ inú fíìmù, bàbá kan á ní, "Irọ́ ni, òwú ni wọ́n fi ṣe irun yẹn." A jọ ń padà sílé ní ọ̀wọ́, ẹnì kan gbé àtùpà. Ẹ̀rù náà ti pín sí ọ̀nà ogójì. Lónìí, ọmọ kan ṣoṣo, wáyà létí, tẹlifóònù níwájú imú, òru dúdú. Gbogbo ẹ̀rù náà, òun nìkan ló ń gbé e.

Bí ẹ̀rù bá bà wá, ara ń tú oògùn kan sínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní adrénaline. Àyà á máa lù kìkì, ẹnu á gbẹ, ọwọ́ á tutù, ẹsẹ̀ ti ṣe tán láti sá. Àgbàlagbà tó jókòó mọ̀ pé fíìmù ni, ara rẹ̀ á rọlẹ̀, á wá dùn mọ́ ọn, bí ata ṣe ń ta wá tí a tún ń bù ú sí i. Ọmọ kékeré kò tíì lè ya eré sọ́tọ̀ kúrò lára òótọ́. Ohun tó rí, ó rí i nìyẹn. Oorun rẹ̀ á wá bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin nílò wákàtí 10 sí 13 oorun lójúmọ́. Àjọ ìlera àgbáyé, OMS, ti sọ ní 2019 pé ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin kò gbọdọ̀ jókòó ti tẹlifíṣọ̀n tàbí tẹlifóònù ju wákàtí kan lọ lójúmọ́, ti ọmọ ọdún kan kò sì yẹ kó wò ó rárá. Fíìmù rere gan-an ni wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ o.

Nǹkan méjì wà tí ẹ kò gbọdọ̀ dà pọ̀. Àlá burúkú: ọmọ á jí, á mọ̀ ọ́, á sọ ohun tó rí. Gbé e mọ́ra, tan iná díẹ̀, bá a sọ̀rọ̀. Èkejì, ìdágìrì ojú oorun: kò pẹ́ tí ọmọ sùn, á dìde jókòó, á kígbe, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ ṣùgbọ́n kò mọ̀ ọ́, òógùn ń bò ó. Ní òwúrọ̀, kò rántí ohunkóhun. Kì í ṣe ànjọ̀nú. Má ṣe gbọ̀n ọ́n, má ṣe da omi tútù sí i lójú. Dúró tì í kó má baà ṣubú, á padà sùn fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń dàgbà kọjá rẹ̀.

Mo fẹ́ sọ ohun kan báyìí tó ń dùn mí títí di òní. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ní àsìkò òjò, wọ́n gbé ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́ta kan wá sí ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Gìrì. Ọjọ́ kejì gìrì ni. Ibà ló kọ́kọ́ mú un, èyí tí à ń pè ní palu, ó wá gun orí. Ìyá rẹ̀ ti kọ́kọ́ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ lé ẹ̀mí jáde. Mo bi í pé kí ló dé tí kò tètè wá. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ojú rẹ̀ yí padà, ó funfun, ìfófó ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹni tí wọ́n gbé sí i nínú fíìmù ṣe máa ń ṣe nìyẹn." Mo pariwo lé e lórí níwájú gbogbo ènìyàn. Ọmọ náà yè, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò, ọwọ́ òsì rẹ̀ kò lágbára mọ́.

Lóru ọjọ́ yẹn ni mo wá rò ó. Ta ló kọ́ obìnrin yìí? Èmi náà wà lórí bẹ́ǹṣì yẹn! Nínú fíìmù, bí dókítà bá wọlé, á yẹ aláìsàn wò, á mi orí, á ní, "Ọ̀rọ̀ yìí ju tiwa lọ," á sì jáde. Àwa á pàtẹ́wọ́. Bí ẹ bá lọ wo ti àwọn òyìnbó, The Exorcist ti 1973, bákan náà ni: àwọn dókítà gbìyànjú lórí ọmọbìnrin náà títí, ó sú wọn, àlùfáà ló wá kó iṣẹ́ náà. Àtijọ́ ni o, òde òní ni o, èyí ni kì í yí padà. Wọn kì í fi hàn wá rí pé wọ́n gún ọmọ ní abẹ́rẹ́ artésunate tí ara rẹ̀ sì balẹ̀. Kò dùn ún wò.

Nítorí náà, bí gìrì bá mú ọmọ, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí ilẹ̀ tó mọ́, kó má fi ara gbá ohunkóhun. Má fi ṣíbí sí i lẹ́nu, má fi ìka sí i. Má rọ àgbo, má rọ òróró, má rọ ìtọ̀ màlúù sí i lọ́fun, yóò gba ọ̀nà èémí lọ. Má fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sí iná. Má fi àlùbọ́sà sí i lójú. Bọ́ aṣọ rẹ̀, pe zem, máa gbé e bọ̀ ní ilé ìwòsàn, bó ti wù kí òru pọ̀ tó. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà, kó máa gbà á lórí ọ̀kadà. A óò gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ níka rẹ̀, kì í pé ìṣẹ́jú 30 tí a ti máa mọ̀ bóyá palu ni. Abẹ́rẹ́ àjẹsára palu pẹ̀lú ti dé ilẹ̀ Benin láti oṣù kẹrin ọdún 2024. Ẹni tó bá ní ọmọ ọwọ́, kó béèrè rẹ̀ ní ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ọn.

Bó bá jẹ́ pé gìrì ń mú un lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láìsí ibà, ó lè jẹ́ wárápá. Ìfófó ẹnu wárápá kì í ranni. Ẹ má sá fún ọmọ, ẹ gbé e wá, oògùn rẹ̀ wà.

Nípa fíìmù nílé, èmi kò ní kí ẹ fọ́ tẹlifóònù. Ọmọ kékeré, kó má wò ó. Èyí tó ti dàgbà díẹ̀, ẹ bá a wò ó, ní ọ̀sán, kì í ṣe nígbà tó fẹ́ sùn, kí ẹ sì tú àṣírí rẹ̀ fún un. Mo sọ fún ọmọ mi pé nínú Psycho, fíìmù òyìnbó kan ti 1960 tí kò ní àwọ̀, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń rí yẹn, omi ṣokoláàtì ni. Ó ní kí n bu díẹ̀ fún òun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì fi fíìmù halẹ̀ mọ́ ọmọ: "Bí o kò bá jẹun, Ìṣáwúrù á gbé ọ." Lóru, ẹ̀yin náà kọ́ ni ẹ ó máa fọ ẹní?

Ti ọmọ ọlọ́dún mẹ́fà yẹn, mo ní kí ìyá rẹ̀ jẹ́ kó máa sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ìwọ̀n ọjọ́ díẹ̀, kí wọ́n má ṣe nà án nítorí ìtọ̀, kí ìyá àgbà sì máa pa àlọ́ ìjàpá fún un kó tó sùn. Ìyá àgbà wo? Ìyá arúgbó tí wọ́n ń fura sí náà ni o. Ó padà wá ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ó ní òru méjì rèé tí ọmọ sùn dé òwúrọ̀.

Ìyá kan ti Pira pe wá kí a tó bẹ̀rẹ̀, ó ní kí n dáhùn: bí aboyún bá ń wo fíìmù iwin, ṣé ọmọ inú rẹ̀ lè fi ojú jọ iwin? Rárá, ìyá mi. Ojú ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀ ni yóò jọ. Ẹ sùn dáadáa, ẹ sùn sábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn, ẹ má sì jẹ́ kí ọjọ́ àyẹ̀wò oyún yín kọjá nítorí ọjà.