Kí Ọ̀mọ̀wé Tó Ṣáájú: Ẹ̀kọ́ Òwò, Ìmọ̀-ara-ẹni àti Àwọn Abúlé Oko Ìbàdàn



Ní ọdún 1937, àwọn àgbẹ̀ kòkó ní Gbẹ̀dun, ní agbègbè tí à ń pè ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀nà-Àrà ní Ìbàdàn lónìí, forúkọ ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Òun ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àkọ́kọ́ tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ọdún 1935 ní Nàìjíríà. Iṣẹ́ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kò le láti ṣàlàyé: kí àgbẹ̀ kó kòkó wọn jọ, kí wọ́n rí i pé ó gbẹ dáadáa, kí wọ́n sì tà á pa pọ̀ kí alágbàtà má baà rẹ́ wọn jẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣíṣe é ló le. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ lè sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, nígbà mìíràn fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pàápàá, pé kòkó yìí kò tíì gbẹ, ẹ gbé e padà lọ sá. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ tọ́jú owó gbogbo abúlé láì fọwọ́ kan kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe èyí fún ọdún mẹ́ta, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bi ara rẹ̀ pé irú ènìyàn wo ni òun.

Ohun kan ṣoṣo ni mo wá sọ. Ẹ̀kọ́ ìdáṣẹ́sílẹ̀ tí à ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kò ní sọ wọ́n di aṣáájú, kò sì ní jẹ́ kí wọ́n mọ ara wọn, àfi bí a bá mú un dé ibi tí owó ẹlòmíràn yóò ti wà ní ìkáwọ́ wọn, níwájú àwọn tí ìwé ẹ̀rí kì í dẹ́rù bà.

Ilé ìwé ti gbìyànjú. Ní 2006 ni ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí ẹ̀kọ́ ìdáṣẹ́sílẹ̀ di dandan ní yunifásítì. Nínú ètò ẹ̀kọ́ tí NUC, àjọ tó ń bójú tó yunifásítì, gbé jáde ní 2022, kọ́ọ̀sì ìdáṣẹ́sílẹ̀ méjì, ENT 211 àti ENT 312, wà fún akẹ́kọ̀ọ́ oyè àkọ́kọ́, ohun yòówù tí ì báà máa kọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó padà wá kàwé gba oyè ìkejì àti ti ọ̀mọ̀wé ni a kì í sábà rántí, bẹ́ẹ̀ òun ni yóò di olùkọ́, alákòóso àti olùdámọ̀ràn ìjọba lọ́la. Ìdánwò orí ìwé ló fi dé ibi tó dé. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn ìbéèrè. Kò tíì sí ẹni tó kó owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ lé e lọ́wọ́ pé kó bá òun fi ṣòwò.

Ẹ dé Mọ́níyà, lẹ́bàá Ìbàdàn, tàbí àwọn abúlé tó yí i ká, kí ẹ béèrè bóyá wọ́n mọ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Wọ́n mọ̀ wá dáadáa. Àwa là ń gbé ìwé ìbéèrè wá: "Bàbá, éékà mélòó lẹ ń dá? Màmá, èló lẹ ń rí lóṣù?" Bàbá á dáhùn, màmá á bu omi fún wa mu, a ó sì bá tiwa lọ. Èsì ìwádìí á di ìwé tí a tò sí ilé ìkàwé, abúlé tó dáhùn kò sì ní gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí gan-an, nítorí pé àwọn ènìyàn yìí ti fi sùúrù kọ́ wa ju bí àwa ti fi ìmọ̀ wa ràn wọ́n lọ́wọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀nà mìíràn. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún lọ bá àwọn ìyá tó ń yan gaari ní ìtòsí Lálúpọn ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Lágelú, tí wọ́n sì bá wọn dá owó pọ̀ fún sáà kan. Wọn kò ní pẹ́ rí i pé ẹ̀gẹ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá ti wú u tán, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni yóò ti máa bàjẹ́. Bí ọkọ̀ bá dákú sójú ọ̀nà oko, tàbí tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ bá kọṣẹ́, àdánù ti dé nìyẹn. Wọn yóò tún rí i pé tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ tútù mẹ́rin sí márùn-ún ló ń di tọ́ọ̀nù gaari kan, nítorí èèpo àti omi. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ṣírò èrè láì yọ èèpo àti omi kúrò yóò wá jókòó ti ìyá tí kò lo kọ̀ǹpútà rí, tó jẹ́ pé ó ti wo òkìtì ẹ̀gẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan, tó sì ti mọ iye àpò tí yóò jáde níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́dọ̀ àwọn tó ń sin adìẹ ní Ẹgbẹ́dá: oúnjẹ adìẹ ló ń gbé ohun tó ju ìdajì owó wọn lọ, tí àgbàdo bá sì gbówó lórí, ìṣirò gbogbo yí padà.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀kọ́ tí mo ń wá gan-an yóò dé. Ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún náà yóò rí i pé òun kò lè bẹ ènìyàn. Ojú yóò máa ti òmíràn láti nájà, yóò máa gba iye tí oníbàárà bá pè. Òmíràn yóò rí i pé inú òun kì í dùn bí àbá tó yọ wọ́n nínú ewu kò bá ti ẹnu òun jáde. Ẹnì kan yóò sì rí ohun rere lára rẹ̀, pé nígbà tí ọkàn gbogbo wọn bá dàrú, tòun máa ń balẹ̀. Ìyá kan yóò sọ fún un lọ́jọ́ kan pé, "Ọmọ mi, o gbọ́n, ṣùgbọ́n o kì í gbọ́rọ̀ tán kí o tó fèsì." Kó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá náà. Alábòójútó tó ń ka iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ lè má sọ ọ́ fún un láéláé.

Ní 1999, Peter Drucker, ọ̀gá nínú ẹ̀kọ́ ìṣàkóso ní Amẹ́ríkà, gbani nímọ̀ràn pé nígbàkúùgbà tí ènìyàn bá ṣe ìpinnu pàtàkì, kó kọ ohun tó ń retí sílẹ̀, kó sì fi wé ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án sí méjìlá. Nítorí náà, mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé méjì lábúlé: ọ̀kan fún náírà, ọ̀kan fún ara rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń rò pé àlá ni kí yunifásítì àti abúlé jọ ṣiṣẹ́ báyìí, kó wo Bangladesh. Ní 1976, Muhammad Yunus, olùkọ́ ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé ní Yunifásítì Chittagong, kó akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ sí Jobra, abúlé tó wà nítòsí yunifásítì náà. Wọ́n rí ènìyàn 42 tí gbèsè ń dè mọ́lẹ̀, àpapọ̀ ohun tí gbogbo wọn nílò kò sì ju dọ́là 27 lọ. Yunus yọ ọ́ láti àpò ara rẹ̀. Báńkì Grameen jáde láti ibẹ̀ ní 1983, ẹ̀bùn Nobel sì tẹ̀ lé e ní 2006. Abúlé tiwa náà kò jìnnà: láti Yunifásítì Ìbàdàn, téèyàn bá ti kọjá Ọ̀jọ́ọ̀, kò pẹ́ tó fi máa dé Mọ́níyà.

Ní ti ìdarí, ilẹ̀ yìí ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1968 sí 1969, nígbà tí owó orí wọ àgbẹ̀ lọ́rùn, tí owó kòkó kò sì tó wọn í gbọ́ bùkátà, àwọn abúlé tí à ń sọ yìí wà lára àwọn tó dìde tako ìjọba. Táfá Adéoyè, àgbẹ̀ láti Àkànràn, di aṣáájú nínú Àgbẹ́kọ̀yà, ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ tó dìde náà. Ẹ̀mí ṣòfò, ìbànújẹ́ ńlá sì ni èyí jẹ́. Ní oṣù Kẹwàá 1969, lẹ́yìn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀, owó orí náà wálẹ̀ sí pọ́n-ùn méjì. Kí ló mú kí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tẹ̀ lé ẹni tí ìjọba kò yàn? Èrò tèmi ni pé inú àáró àti ọ̀wẹ̀ ni àgbẹ̀ ti ń mọ ara wọn: ẹni tó ń pẹ́ dé, ẹni tó ń yọ́ lọ kí iṣẹ́ tó tán, ẹni tó ń ro apá tirẹ̀ parí tó sì ń bọ́ sí ti ẹlòmíràn. Bí ọ̀ràn bá dé, wọ́n ti mọ ẹni tí wọn yóò tẹ̀ lé.

Ká má ṣe wá kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sí oko bí ẹni kó ẹrù. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn dá àwọn ìletò àgbẹ̀ sílẹ̀ láti 1959, ní àwòkọ́ṣe Ísírẹ́lì. Ọ̀kan wà ní Ìjàyè, òmíràn ní Akùfọ̀. Wọ́n fún àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kó lọ síbẹ̀ ní ilẹ̀, ilé àti owó yíyá, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ kò dúró. Ìdí rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìpinnu tí kò sí lọ́wọ́ wọn ló burú jù. IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó ti wà ní Ìbàdàn láti 1967, gba ọ̀nà mìíràn ní 2012, nígbà tí Nteranya Sanginga jẹ́ ọ̀gá àgbà rẹ̀: wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ tó ti jáde yunifásítì jọ, tó fi mọ́ àwọn tí kò kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, pé kí wọ́n fi ẹja, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀gẹ́ ṣòwò. Mo fẹ́ kí irú ètò bẹ́ẹ̀ jáde kúrò nínú ọgbà, kó wọ abúlé.

Mo bẹ àwọn yunifásítì wa: ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ lo sáà òjò kan pẹ̀lú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kí ọmọ ẹgbẹ́ fún un ní máàkì, kó sì fi Yorùbá ka èsì ìwádìí rẹ̀ níwájú abúlé. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa lábúlé, ẹ má pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí ní ọ̀gá; ẹ bá wọn wí bí ẹ ti ń bá ọmọ yín wí. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má dúró de àṣẹ yunifásítì. Ẹ lọ bá ẹgbẹ́ kan kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kí wọn bó ti yẹ, ẹ san owó ìwọlé, kí ẹ sì ní kí wọ́n gbà yín bí ọmọ ẹgbẹ́.