Omi Ẹja Tí Ó Di Àwọ̀ Ewé

Ẹ̀yin ará, púpọ̀ nínú wa ní Òṣogbo àti Iléṣà ni ń sin ẹja nínú adágún. Bí omi bá di àwọ̀ ewé, a óò sáré da oògùn sí i. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a lè bá òkú epìyà lójú omi. Èé ṣe? Ewéko tíntìntín inú omi ni oògùn pa lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó ti ń jẹrà, ó ń gba afẹ́fẹ́ tí ẹja ìbá mí. Àjẹkù oúnjẹ àti ìgbẹ́ ẹja ni ń bọ́ ewéko yìí. Oòrùn sì ń mú un dàgbà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a dín oúnjẹ kù, kí a máa pààrọ̀ omi díẹ̀díẹ̀, kí a sì fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó. Ẹni tí ó ń bọ́ ọ̀tá rẹ̀ kò gbọdọ̀ ráhùn pé ó sanra.