Iṣẹ́ Àwọn Olùtọ́jú Ìwé Àtijọ́, àti Ohun Tó Fi Kan Àwa Ọmọ Ilé Ẹ̀kọ́ Wa

  

Nítorí pé iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni mò ń ṣe, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ń retí kí n sọ̀rọ̀ òṣèlú. Ó tì o. Òṣèlú kò ní í tán, a óò bá a nílé. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá jẹ mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ kan tí a kì í sábà rí. Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń wà ní láíbìrì yunifásítì, tí wọ́n ń tọ́jú lẹ́tà, ìwé ìrántí ojoojúmọ́, fọ́tò, ìwé ìpàdé ẹgbẹ́, àti ìwé ìròyìn tó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ.

Ìwé tí a rà ní ṣọ́ọ̀bù, bó bá sọnù, a lè ra òmíràn. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí bàbá kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ẹyọ kan ṣoṣo ni. Bó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan tì í lẹ́yìn. Púpọ̀ nínú wa ló mọ ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ. Ọdún 1897 ló parí rẹ̀. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé kan ní ìlú Òyìnbó, ibẹ̀ ló sì gbé sọnù. Johnson kú ní 1901, kò fojú kan ìwé rẹ̀. Kí ló wá kù? Ohun tó kù ni àwọn pépà tó fi ń gbìdánwò, èyí tó kọ tó fagi lé, tó tún kọ. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló kó wọn jọ, tó jókòó tì wọ́n, tó fi wọ́n tún ìtàn náà kọ. Nígbà tí wọ́n tún fi ránṣẹ́ ní 1916, ọkọ̀ ojú omi Appam ló gbé e, ni àwọn ará Jámánì bá gba ọkọ̀ náà lójú òkun nítorí ogun, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà! Ó di 1921 kí ìwé náà tó jáde.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Èyí tí wọ́n kọ dáadáa, tí wọ́n dì dáadáa, ló sọnù. Pépà jákujàku tí ẹlòmíràn ì bá fi dáná ló gba ìtàn wa là. Ìdí nìyí tí olùtọ́jú ìwé àtijọ́ kì í fi í yára ju nǹkan nù.

Ẹ jẹ́ ká wá sí Ìbàdàn. Ọdún 1948 ni yunifásítì ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike ni wọ́n fi pe láíbìrì rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí kan náà ló lọ káàkiri ọ́fíìsì ìjọba ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, tó wo bí ìwé ìjọba ṣe wà. Ìròyìn tó kọ lórí ìrìn àjò náà ló bí National Archives ní 1954, èyí tí ọ́fíìsì rẹ̀ ti Ìbàdàn wà nínú ọgbà yunifásítì náà gan-an. Ìwé ìjọba ni National Archives ń tọ́jú. Ní ti láíbìrì, ó tún ń gba ìwé ènìyàn kọ̀ọ̀kan, ti ẹbí, àti ti ẹgbẹ́.

Níbẹ̀ ni ìwé Herbert Macaulay wà, ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ẹni tó kú ní 1946. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Èkó àti ọ̀rọ̀ Ọba Èṣùgbàyí Elékòó ṣe le tó láyé ìjọba Òyìnbó, ibẹ̀ ni yóò lọ. Ibẹ̀ náà ni ìwé ìrántí ojoojúmọ́ Olóyè Akínpẹ̀lú Ọbíṣẹ̀san wà. Ọmọ Ìbàdàn ni bàbá yìí, gbajúmọ̀ sì ni nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kòkó. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń kọ ohun tójú rẹ̀ rí lójoojúmọ́. Kò kọ ọ́ fún ọba tàbí fún gómìnà. Ó kọ ọ̀rọ̀ ẹbí, ọ̀rọ̀ ilẹ̀, àti bí àìlówó ṣe ń dun ẹni tó lọ sílé ìwé tí nǹkan kò tíì dán mọ́rán fún. Lónìí, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń ti òkè òkun wá kà á. Ìtàn ìjọba kò lè sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún wa. Ẹni tó bá jìyà rẹ̀ ló lè sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n báwo ni àpótí ìwé olóògbé kan ṣe ń di ohun tí ènìyàn lè kà? Iṣẹ́ ńlá ni o. Bí àpótí náà bá ti dé, wọ́n á kọ́kọ́ kọ orúkọ ẹni tó gbé e wá sílẹ̀, ọjọ́ tó gbé e wá, àti àdéhùn tí wọ́n jọ ṣe. Wọ́n á gbé e sọ́tọ̀, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ikán tàbí kòkòrò mìíràn wà nínú rẹ̀, nítorí àpótí kan tó ní àrùn lè ba ọgọ́rùn-ún jẹ́. Wọ́n á yọ píìnì tó ti dípẹtà kúrò, wọ́n á yọ rọ́bà tó ti yọ́ mọ́ ìwé. Páálí tí kò ní ásíìdì ni wọ́n á wá kó wọn sí.

Lẹ́yìn èyí ni ohun tó ya èmi lẹ́nu jù. Wọn kì í tú ìwé ẹnìkan ká kí wọ́n wá pín in gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Bí Macaulay sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀, tí Ọbíṣẹ̀san náà sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀, wọn kò ní torí ìyẹn da ìwé àwọn méjèèjì pọ̀. Ti oníkálukú á wà lọ́tọ̀, bí ó ṣe tò ó nígbà ayé rẹ̀, tí a bá ṣì lè mọ̀ ọ́n. Kí nìdí? Nítorí pé ètò náà ń sọ̀rọ̀. Rìsíìtì owó ilé ẹ̀kọ́ tí bàbá kan fi sáàárín lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ méjì, ẹni tó bá rí i níbẹ̀ á mọ̀ pé ọ̀nà tí owó náà gbà wọlé kò rọrùn. Ẹ yọ rìsíìtì yẹn lọ sínú fáìlì rìsíìtì, ó di pépà lásán.

Wọ́n á wá kọ ìwé atọ́nà: ohun tó wà nínú àpótí kìíní, ohun tó wà nínú fáìlì kẹta. Láìsí ìwé atọ́nà, ìwé tó wà nílé àti ìwé tó sọnù, ọgbọọgba ni wọ́n. Bí ẹ bá lọ kà á, ẹ ó fi báàgì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò ní í gba bírò lọ́wọ́ yín wọlé, pẹ́ńsùlù nìkan ni. Fáìlì kan ni wọ́n á gbé fún yín lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má bínú sí wọn. Bí ọ̀rọ̀ kan bá sì kan ẹni tó ṣì wà láàyè, tí ẹbí ní kí wọ́n tì í títí di ọdún kan, wọ́n á tì í, kò sí akọ̀ròyìn tó lè fi ẹyin sí wọn lẹ́nu.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ti lọ wá ìwé ìròyìn àtijọ́ ní ọ́fíìsì kan rí, n kò ní í dárúkọ wọn. Wọ́n ní àwọn ti tà á ní kílò fún àwọn tó ń dì gúgúrú àti ẹ̀pà. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn. Ẹ rántí pé ní Abẹ́òkúta, ní ọjọ́ 3, oṣù Kejìlá, ọdún 1859, ni Henry Townsend gbé ìwé ìròyìn Yorùbá àkọ́kọ́ jáde. Bí gbogbo ẹ̀dà rẹ̀ bá ti di ohun tí wọ́n fi dì àkàrà, kí ni à bá máa fi yangàn lónìí?

Ẹnìkan á ní, ṣebí ìwé wa pọ̀ lókè òkun. Bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́tà àwọn míṣọ́nnárì CMS, tó fi mọ́ ti Crowther, wà ní láíbìrì Yunifásítì Birmingham. Ìwé Amos Tutùọlá wà ní Harry Ransom Center, ní Yunifásítì Texas tó wà ní Austin. Kò sẹ́ni tó jí àwọn lẹ́tà CMS: London ni wọ́n kọ wọ́n ránṣẹ́ sí, àwọn tó gbà wọ́n sì tọ́jú wọn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ ọmọ Abẹ́òkúta tó bá fẹ́ fọwọ́ kan ìwé bàbá rẹ̀, físà ni yóò kọ́kọ́ wá.

Ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ìwé dáadáa pàápàá, ewu ṣì wà. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kẹrin, ọdún 2021, iná tó ń jó lórí òkè Table Mountain ní Gúúsù Áfíríkà ràn dé Yunifásítì Cape Town, ó sì jó yàrá ìkàwé Jagger. Ọ̀pọ̀ ìwé àti fíìmù nípa ilẹ̀ Áfíríkà ló ṣègbé lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣe láti dá iná dúró kò jẹ́ kó jó gbogbo rẹ̀. Ìwé tó wà ní yàrá abẹ́ ilẹ̀, omi tí wọ́n fi paná ló kàn án, ni àwọn ènìyàn bá tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n ń na àpótí síra wọn títí wọ́n fi kó wọn jáde. Ẹni tó ti múra sílẹ̀ ló rí nǹkan gbà là.

Ó wá kù sọ́wọ́ àwa náà. Ìwé ilé ẹ̀kọ́ wa ńkọ́? Ìwé ìgbàwọlé tí orúkọ gbogbo wa wà nínú rẹ̀, ìwé tí àwọn ọ̀gá àgbà máa ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ sí, magasíìnì ilé ẹ̀kọ́, fọ́tò àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ayò, àní ìwé ìjìyà tí orúkọ àwọn kan nínú wa kún fọ́fọ́ (ẹ má wojú mi), níbo ni wọ́n wà? Yàrá tí òrùlé rẹ̀ ń jò ni. Ọdún kọ̀ọ̀kan tí òjò bá rọ̀, ojú ìwé kan á tún lọ.

Ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta ni mo bẹ̀. Èkíní, kí ẹgbẹ́ yìí yan ènìyàn mẹ́ta lónìí, kí wọ́n lọ kó ìwé náà kúrò lábẹ́ òrùlé yẹn sínú páálí gbígbẹ, láìtú u ká. Èkejì, kí a kọ lẹ́tà sí láíbìrì yunifásítì tó sún mọ́ wa, kí a béèrè bóyá wọ́n lè bá wa gbà á, pẹ̀lú àdéhùn lórí ìwé pé ti ilé ẹ̀kọ́ ni, àwa náà sì lè lọ wò ó. Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa kọ orúkọ àwọn tó wà nínú fọ́tò sẹ́yìn rẹ̀. Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ lò, kí ẹ sì rọra kọ ọ́. Àwọn àbúrò wa lè fi ẹ̀rọ ya gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ojú ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèǹgbè. Ẹ má sì jẹ́ ká torí kọ̀ǹpútà ju ìwé gan-an nù. Dísíìkì tí a fi pa nǹkan mọ́ ní 1995, mélòó nínú wa ló ṣì ní ẹ̀rọ tó lè kà á?

Àwọn tó kọ́ wa ṣì wà láàyè láti sọ fún wa ta ni ta ni. Kò ní í rí bẹ́ẹ̀ títí. Alága, mo fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́wọ́ ilé, mo sì bẹ̀bẹ̀ kí a pinnu rẹ̀ kí a tó jẹun.