Ẹ̀jẹ̀ Ríru: Ọ̀rọ̀ Dírẹ́bà àti Kọ́ndọ́kítọ̀
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa)

Alága ní kí n má pẹ́, nítorí àwọn tó fẹ́ wọ iṣẹ́ òru ti ń wo aago.

Ní ọdún 1953, Dókítà Jerry Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀, nǹkan bí 31,000 ọkùnrin. Nínú bọ́ọ̀sì alájà méjì kan náà ni dírẹ́bà àti kọ́ndọ́kítọ̀ ti ń ṣiṣẹ́, síbẹ̀ àrùn ọkàn ń mú dírẹ́bà ju kọ́ndọ́kítọ̀ lọ. Dírẹ́bà jókòó láti àárọ̀. Kọ́ndọ́kítọ̀ ń gun ìpele àtẹ̀gùn 500 sí 750 lójúmọ́. Ní 1956 wọ́n tún wo ìwọ̀n ṣòkòtò iṣẹ́ wọn: ti dírẹ́bà ló fẹ̀ jù ní ìbàdí. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ẹ fọwọ́ kan ìgbànú yín ná.

Bí ọkọ̀ bá wọ gáréèjì tí a ń retí èrò, ẹ sọ̀kalẹ̀ kí ẹ rìn. Ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó ti ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ yín náà ni.

Iyọ̀ ló ń dùn mí jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ó má tó gíráàmù 5 lójúmọ́, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan péré. Iyọ̀ wà nínú ọbẹ̀ búkà, ó wà nínú Maggi tí ìyá olóúnjẹ jù sí i, àwa náà tún ń bèèrè iyọ̀ kí a tó tọ́ ọ wò! Ti sìgá àti páráàgà, ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dunni. Àfi kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹni. Bí ti òkè bá ń tó 140, tàbí ti ìsàlẹ̀ 90, léraléra, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ má sì dá oògùn dúró nítorí pé ara yá.

Mo mọ ìdí tí àwọn kan kò fi fẹ́ wọn tiwọn. Wọ́n ń bẹ̀rù pé bí ọ̀gá bá gbọ́, wọn a gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ti ọmọdé. Nítorí náà mo dábàá pé kí ẹ̀ka wa bá àwọn ọ̀gá kọ ọ́ sílẹ̀: kí wọ́n máa wọn ìfúnpá gbogbo òṣìṣẹ́ lọ́dọọdún, kí èsì rẹ̀ wà láàárín òṣìṣẹ́ àti dókítà, kí ẹni tó ń gba ìtọ́jú, tí dókítà ní ó lè wakọ̀, má pàdánù iṣẹ́ rẹ̀.

Alága, mo fi àbá náà síwájú ìpàdé. Ẹni tó bá ti í lẹ́yìn, kí ó nawọ́.