Omi abẹ́ ilẹ̀ kò mọ ààlà

 

Ọ̀rọ̀ kànga la fẹ́ jọ sọ lónìí. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí kànga ilé kan gbẹ, tí ti ilé kejì kò gbẹ, kí la máa ń gbọ́? Wọ́n á ní: «Àwọn ará ibẹ̀ ló jí omi wa.» Àwọn mìíràn á ní oògùn ni wọ́n fi gbẹ ẹ́. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹbí. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá sì ń ṣe ọmọ wa, a kì í fura sí kànga, nítorí omi rẹ̀ mọ́ lójú. Ẹ jẹ́ ká mọ bí omi ṣe ń rìn nísàlẹ̀ ilẹ̀. Nígbà náà la ó mọ ohun tó yẹ ká ṣe.

Níbo ni omi kànga ti ń wá?

Láti inú òjò ni. Bí òjò bá rọ̀, apá kan á ṣàn lọ sódò. Oòrùn á fa apá kan gbẹ. Igi àti koríko á mu apá kan. Èyí tó kù á rọra wọlẹ̀. Á máa gba àárín iyanrìn kọjá, títí yóò fi kan amọ̀ líle tàbí àpáta. Ibẹ̀ ló ti ń kóra jọ. Lọ́pọ̀ ibi, kì í ṣe odò ló ń ṣàn nísàlẹ̀. Omi náà wà nínú ilẹ̀ bí omi ṣe ń wà nínú kànrìnkàn tó rin.

Ilẹ̀ wa kò rí bákan náà. Ní Àjàṣẹ́, ní àwọn ibi tó rẹlẹ̀ lẹ́bàá ọ̀sà, omi kò jìn. Ní Kétu, orí ilẹ̀ gíga, omi jìn gan-an. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ibẹ̀ fi ń gbe omi òjò láti orí òrùlé. Ní Ṣábẹ̀, àpáta ló wà nísàlẹ̀. Inú ibi tí àpáta ti là ni omi ń gbà. Ẹnìkan lè gbẹ́ kànga kó bá omi, kí aládùúgbò rẹ̀ gbẹ́ tirẹ̀ nítòsí kó má rí nǹkan kan. Oògùn kọ́. Ibi tí àpáta ti là ni ti àkọ́kọ́ bọ́ sí.

Omi abẹ́ ilẹ̀ ń rìn. Ó ń ti ibi gíga lọ sí ibi tó rẹlẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni. Nínú iyanrìn, ó lè má rin ju ìgbésẹ̀ kan lọ lójúmọ́. Nínú amọ̀, ọdún kan lè kọjá kó má tíì rin ìgbésẹ̀ kan. Nínú àpáta tó là, ó lè yára púpọ̀.

Kí ni kànga ń ṣe sí omi?

Bí a bá ń fa omi, omi tó wà nítòsí á máa sáré bọ̀ wá dípò rẹ̀. Omi tó yí kànga ká á wá lọ sílẹ̀, bí ẹnu àrọ tí a fi ń rọ epo sínú ìgò. Bí a bá ń fi garawa fà á, àrọ yìí kéré. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí a dáwọ́ dúró, omi á tún gòkè. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ẹ̀rọ fà á tọ̀sán tòru, àrọ náà á fẹ̀, á sì dé abẹ́ kànga aládùúgbò. Tirẹ̀ lè gbẹ. Kò sí ẹni tó jalè. Inú ìkòkò kan náà la ti jọ ń bu omi.

Ẹ wo Kútọnu. Àwọn kànga jíjìn tó wà ní Godomey wà lára àwọn tó ń fún ìlú ńlá náà lómi. Wọn kò jìnnà sí ọ̀sà Nokoué, tí omi rẹ̀ máa ń níyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nítorí pé a ń fa omi púpọ̀ níbẹ̀, iyọ̀ ti dé inú díẹ̀ nínú àwọn kànga tó sún mọ́ ọ̀sà. Bí kànga ṣe ń fa omi, bẹ́ẹ̀ ló ń fa ohun tó wà nínú omi.

Ẹ dán an wò

Ẹ fi iyanrìn mímọ́ kún abọ́ ńlá kan. Ẹ da omi sí i títí yóò fi rin dáadáa. Ẹ fi òkúta kékeré gbé ẹ̀gbẹ́ kan sókè díẹ̀. Ẹ gbẹ́ ihò sí ẹ̀gbẹ́ tó rẹlẹ̀: kànga nìyẹn. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tó ga: ṣáláńgá nìyẹn. Ẹ rọra máa da omi lé iyọ̀ náà, kí ẹ sì máa fi ṣíbí bu omi inú ihò. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ẹ fi ìka tọ́ ọ wò. Iyọ̀ ti dé. Ojú kò sì rí i.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀gbin ṣáláńgá ṣe ń dé inú kànga. Àwọn kòkòrò àrùn onígbáméjì àti ti ìgbẹ́ gbuuru kéré débi pé wọ́n lè gba àárín iyanrìn kọjá. Bí ọ̀nà bá jìn, ọ̀pọ̀ wọn á kú kí wọ́n tó dé.

Nítorí náà, kí la ó ṣe?

1. Kí ṣáláńgá jìnnà sí kànga tó mítà 30, ó kéré tán. Èyí tó ìgbésẹ̀ àgbàlagbà 40. Kí kànga wà lápá òkè, kí ṣáláńgá wà lápá ìsàlẹ̀. Níbi tí àpáta ti là, kó tún jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

2. Ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ni kí a máa gbẹ́ kànga, nígbà tí omi ti lọ sílẹ̀ jù. Kànga tí a gbẹ́ nígbà òjò máa ń tètè gbẹ.

3. Kí a mọ ògiri yí ẹnu kànga ká, kí a sì dé e. Garawa kan ṣoṣo ni kó máa wọ inú rẹ̀.

4. Ká má fọ ẹ̀rọ oògùn òwú nítòsí kànga. Ká má da pàǹtí sínú kànga tó ti gbẹ. Ojú ọ̀nà tó là sílẹ̀ ni, ó ń sin ẹ̀gbin lọ bá omi gbogbo abúlé.

5. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹ̀rọ sórí kànga, kí gbogbo àdúgbò jókòó sọ ọ́: wákàtí mélòó la ó máa fà á, ta ni yóò sì máa ṣọ́ ọ.

A lè fi igi pín ilẹ̀ orí. A kò lè pín omi ìsàlẹ̀. Ohun tí ẹnìkan bá ṣe sí i, gbogbo wa la ó mu ún.

Kí a tó tún pàdé, kí kálukú ka ìgbésẹ̀ láti kànga rẹ̀ dé ṣáláńgá tó sún mọ́ ọn jù, ì báà jẹ́ ti aládùúgbò. Ẹ kọ iye rẹ̀ sínú ìwé yín, kí ẹ mú un wá. A ó jọ kà á.